Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Kí Àbúrò Mi Ní Ìkíni Ọmọ Ogun

Aránṣọ ni mí ní Ṣábẹ. Mo ti rán aṣọ ìyàwó, mo ti rán aṣọ ọmọ ilé ìwé, mo ti rán aṣọ tí wọ́n fi sin arúgbó tí kò sí ẹni tó mọ iye ọdún rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ kan aṣọ ọmọ ogun. Ti bàbá mi ni. Ọjọ́ méjì péré ni mo ní láti fi tún un ṣe, nítorí pé ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n máa gbé òkú àbúrò mi dé.

Ọkùnrin méjì ló ti ṣe iṣẹ́ ogun nínú ilé wa, bàbá mi àti àbúrò mi yìí. Èyí tó dàgbà fẹ̀yìn tì, ó sì wálé. Èyí tó kéré kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé.

Bàbá mi wọ iṣẹ́ ológun nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ géńdé, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí irun wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Nígbà tiwọn, kò sí ogun. Wọ́n dúró ní ibodè, wọ́n ṣọ́ ilé ìjọba, wọ́n ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tí odò kún. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó di sájẹ́ńtì, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Ìgbálẹ̀ ni mo fi gbà á. Mo gbá ilẹ̀ bárékè títí ilẹ̀ fi mọ orúkọ mi.” Gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbé ìbọn, wọn kò yìn ín sí ènìyàn rí. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ilé tí a ti ń bẹ̀rù ogun kọ́ ni a gbé dàgbà. Lójú tiwa, iṣẹ́ sọ́jà jẹ́ aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, bàtà tó ń dán, àti bàbá tó máa ń wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn láti Kutọnu.

Ọdún méjìlá ni mo fi ju àbúrò mi lọ. Lẹ́yìn mi, ìyá mi bí méjì tí wọn ò dúró, kí wọ́n tó wá bí òun. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n jù. Ìyá mi á lọ sí oko Ọ̀fẹ̀, èmi á sì pọ̀n ọ́n dé ibi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, á sùn lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ. Ọ̀gá mi máa ń ní ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ni ọmọ yìí ń mu bí ọmú. Nígbà tó gbọ́njú, ẹlẹ́rìn-ín ọmọ ló dà. Kì í lè sọ ọ̀rọ̀ kan kó parí láì rẹ́rìn-ín sí i. Bí ìyá mi bá ń bá a wí, ẹ̀rín á gba ẹnu rẹ̀, á sì gba ẹnu ìyá mi náà, ìbáwí á parí síbẹ̀.

Nígbà tó jáde ní lìsé, ilé ìwé girama, ó bá Bàbá ṣe oko iṣu fún ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún wa pé òun fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun. Bàbá kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì sọ pé rárá. Ìyá mi ló fọwọ́ lé orí.

“Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo ní,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀yin tí ẹ ṣe é nígbà tí kò sí ogun, ẹ ti ṣe é. Nísinsìnyí ńkọ́? Ṣé ẹ kò gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè lọ́hùn-ún ni?”

A gbọ́. Gbogbo wa la ń gbọ́ lórí rédíò pé àwọn agbébọn ń gba inú igbó wọlé ní òkè àríwá, pé wọ́n ń pa ará abúlé, wọ́n ń pa sọ́jà. Ṣùgbọ́n òkè àríwá jìnnà sí Ṣábẹ, ohun tó bá sì jìnnà, etí nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Ìyá mi ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ó ń gbọ́ tèmi. Ó wá bá mi níbi iṣẹ́, ó jókòó lórí àpótí tí mo máa ń kó aṣọ sí, ó ń fi ìka yí kókó òwú kan káàkiri.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “bí ẹ bá ní kí n má lọ, n ò ní lọ.”

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ká ní mo ti sọ pé kó má lọ ni, kì bá tí lọ. Mo ti rò ó títí láti ọjọ́ yẹn, mi ò rí ọ̀nà tí mo lè fi sọ fún ara mi pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ara mi. Agbẹ̀bí ni mo fẹ́ dà nígbà tí mo wà ní ọmọdébìnrin. Wọ́n yọ mí ní ilé ìwé, wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ ìránṣọ, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè. Mo mọ bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn fẹ́ nǹkan kan, kí wọ́n sì fi òmíràn lé e lọ́wọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, “Lọ.”

Èmi ni mo fi alùpùpù mi gbé e lọ síbi tó ti wọ ọkọ̀ Paraku, níbi tí wọ́n ti máa dán ẹsẹ̀ àti àyà àwọn tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun wò. Mo sọ fún ìyá mi pé ó lọ wo oko kajú ní Kábúà. Ọjọ́ tó padà dé tó ní wọ́n ti mú òun, ìyá mi sunkún, wọ́n sì súre fún un lẹ́yìn náà. Kí ni ìyá lè ṣe?

Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Lọ́dún kẹrin ni wọ́n gbé e lọ sí òkè àríwá, lẹ́bàá ibodè. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń pè wá. Ó ní òkìtì kan wà tí òun ní láti gùn kí fóònù tó lè gbọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lórí òkìtì náà, à ń gbọ́ ọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá á bi í léèrè bóyá ó ń nu ìbọn rẹ̀. Ìyá á bi í léèrè bóyá ó ń jẹun. Òun á ní ìrẹsì ni àárọ̀, ìrẹsì ni ọ̀sán, pé bí òun bá délé, kí wọ́n din wàrà Fúlàní fún òun kó kún abọ́ ńlá, kí ẹnikẹ́ni má sì bá òun jẹ ẹ́. Á wá ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi. Lọ́jọ́ Àìkú kan ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti tín-ín-rín o. Gbogbo ṣòkòtò tí ẹ rán fún mi ti ń já bọ́.” Mo ní kó fi ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ ránṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú yẹn ni a gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá jókòó ní iwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà irúgbìn. Mo ti yà kí wọn kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ ológun kan dúró lójú ọ̀nà. Sọ́jà méjì sọ̀ kalẹ̀, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní méèrì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, sì tẹ̀ lé wọn. Bàbá wo bí wọ́n ṣe ń rìn. Wọ́n rọra gbé atẹ́ ẹ̀wà náà sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n kó gìgísẹ̀ wọn jọ nínú sálúbàtà, wọ́n sì nà ró.

Èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn sọ́jà náà ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná.”

“Èmi náà ti gbé irú ìròyìn yìí lọ sílé onílé rí,” ni Bàbá wí. “Mo mọ bí a ṣe ń rìn wọ ọgbà. Ẹ sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́ lédè Faransé, ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ wọn gun àdó olóró tí wọ́n rì sábẹ́ ọ̀nà. Mẹ́ta kú. Àbúrò mi wà nínú wọn.

Ẹ̀yìn ilé ni ìyá mi wà, wọ́n ń din àkàrà. Ariwo ọkọ̀ ló mú wọn jáde, ìgbakọ ìdinkàrà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, epo ń kán nídìí rẹ̀. Wọn kò wo àwọn sọ́jà náà rárá. Bàbá nìkan ni wọ́n ń wò.

“Baba wọn, kí ni wọ́n wí?”

Obìnrin tó wá láti méèrì ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, ẹkún rẹ̀ sì ni ìyá mi fi gbọ́ ìròyìn náà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí. Wọn kò ké. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa ilẹ̀ níwájú wọn, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́ sínú erùpẹ̀. Àkàrà jóná nínú agbada títí èéfín fi bo ẹ̀yìn ilé, kí aládùúgbò kan tó sáré lọ gbé e kúrò lórí iná.

Ní ọ̀sán, ẹbí pé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó jẹ́ àgbà ilé wa, tí a ń pè ní Ìyá àgbà, ní wọ́n máa sin ọmọ náà sí ilẹ̀ ìdílé wa ní ẹ̀bá ìlú, kí wọ́n sì ṣe é kíákíá, nítorí òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn kì í jẹ, wọn kì í mu lórí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ilé yóò gbẹ́lẹ̀, èmi àti àwọn ìbátan yóò tẹ̀ lé e. Bàbá àti ìyá yóò wà nínú ilé.

Bàbá ní, “Èmi yóò lọ.”

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ ohun tí Bàbá sọ yẹn. Òbí kì í wo ibojì ọmọ. Ọmọ ló ń sin òbí, bí ayé bá sì yí i padà, òbí kì í fi ojú rẹ̀ jẹ́rìí sí i.

Ìyá àgbà ní, “Wọn kì í ṣe é. Ìwọ náà mọ̀ pé wọn kì í ṣe é.”

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Èmi kò sì ní lọ gẹ́gẹ́ bíi bàbá. Ọmọ ogun ló kú. Ọmọ ogun tó fẹ̀yìn tì ni mí. Bí sọ́jà bá ṣubú, èyí tó kù á dúró tì í. Aṣọ mi ni n ó wọ̀ lọ.”

“Ṣé aṣọ ló ń yí ẹ̀jẹ̀ padà?” Ìyá àgbà ń sunkún bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. “Bí o bá wọ aṣọ ogun mẹ́wàá lé ara wọn, bàbá rẹ̀ kọ́ lo máa jẹ́ nísàlẹ̀ wọn?”

Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n wọn, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, àwa ọmọ sì ń wò. “Ẹ ṣàánú mi,” ni wọ́n wí. “Àjèjì ni gbogbo àwọn tó máa gbé e wá. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àjèjì nìkan ló máa kí i.”

Ìyá àgbà yí ojú sí ògiri. Nínú ilé wa, bí àgbà bá yí ojú sí ògiri, kò gbà, ṣùgbọ́n kò ní dí ọ lọ́wọ́. Ìyá mi wà nínú yàrá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Bàbá gbé aṣọ náà wá bá mi níbi iṣẹ́ fúnra wọn. Inú àpótí irin ló ti ń gbé, òórùn kánfọ̀ sì kún inú rẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́ kí n lè wò ó. Mo ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n fi ara mi balẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n rán aṣọ náà fún ti lọ. Èjìká ẹ̀wù ti sọ̀ kalẹ̀ dé apá, ṣòkòtò sì ń rọ́ lé orí bàtà. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi di ìbàdí rẹ̀ mú kó má baà já bọ́.

“Ṣé ó ṣeé ṣe?” ni wọ́n bi mí.

“Ó ṣeé ṣe, Bàbá.”

Nígbà tí mo tú ojú rán rẹ̀, mo bá òwú kan tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ológun pàdé. Ọwọ́ ìyá mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fẹ aṣọ náà sí i rí, ní ọdún tí Bàbá sanra. Mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo tú òwú ìyá mi, mo sì ń dín ohun tí wọ́n fẹ̀ kù. Mo gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé, mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, mo gbé èjìká sókè. Ọrùn nìkan ni n kò rí ṣe dáadáa nítorí aṣọ náà nípọn níbẹ̀, kò sì sí àkókò mọ́. Ọrùn Bàbá dà bí igi tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àwo òdòdó.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn sọ́jà gbé òkú àbúrò mi dé láti Kutọnu, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀yẹ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àwọn ará ìlú ti tò sí ẹ̀bá ọ̀nà ọ̀dà. Àwọn oníṣòwò ti ilẹ̀kùn, àwọn Mùsùlùmí jáde láti mọ́ṣáláṣí, àwọn ọmọ ilé ìwé dúró nínú aṣọ kákí wọn. Kò sí ẹni tó pariwo. A gbọ́ táyà ọkọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ bó ṣe yà kúrò ní ọ̀nà ọ̀dà.

Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ṣí pósí. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan wa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí, Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó dákẹ́.

Nígbà tí a dé ilẹ̀ ìdílé wa, ẹ̀gbẹ́ ibojì ni Bàbá dúró sí, lápá ọ̀tún, pẹ̀lú àwọn sọ́jà ọ̀dọ́ tí orí wọn ga ju tiwọn lọ. Àlùfáà gbàdúrà. Wọ́n yìnbọn sókè, àwọn ẹyẹ tú jáde nínú igi kajú. Bí wọ́n ṣe ń sọ pósí náà kalẹ̀, Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn dé iwájú orí. Wọn kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó pẹ́. Àwọn sọ́jà ọ̀dọ́ ti sọ ọwọ́ tiwọn kalẹ̀ nígbà tí ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, ọwọ́ Bàbá ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da erùpẹ̀, ọwọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá náà wò wọ́n, ó yí padà, ó sì dúró ṣánṣán níwájú wọn, ó kí wọn bí sọ́jà ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Nígbà náà ni Bàbá tó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Àsíá tí wọ́n ti ká kúrò lórí pósí náà ni wọ́n fi lé Bàbá lọ́wọ́. Nígbà tí a délé, Bàbá gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá mi, wọ́n sì nà án síwájú. Ìyá mi wò ó.

“Ọmọ ni mo fún wọn,” ni wọ́n wí. “Ẹ gbé aṣọ yẹn kúrò níwájú mi.”

Èmi ni mo gbà á. Nígbà tí mo ran Bàbá lọ́wọ́ láti bọ́ aṣọ wọn, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára síńgílẹ́ẹ̀tì. Abẹ́rẹ́ onílórí kan ni mo gbàgbé sínú ìbàdí ṣòkòtò náà. Ó ti ń gún wọn láti òwúrọ̀, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n, mo ń sunkún. Wọ́n ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n lára, ọmọ mi.” Mo gbà wọ́n gbọ́.

Sọ́jà kan wà nínú àwọn tó bá pósí náà wá, tó jẹ́ ọmọ Kábúà, tí òun àti àbúrò mi jọ wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tó gun àdó. Apá rẹ̀ kan ṣì wà nínú báńdéèjì. Kó tó bá àwọn tó kù lọ, ó wá kúnlẹ̀ níwájú Bàbá lábẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà wa. Ó ní, “Bàbá, kò jìyà. Lójú ẹsẹ̀ ni.”

Bàbá bi í léèrè pé, “Ṣé ìwọ ló pa á?”

“Rárá o, Bàbá!”

“Ǹjẹ́ má parọ́ fún mi. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ọ.”

Ọmọ náà wo èmi, ó wo Bàbá, ó sì sọ ọ́. Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sán ni ọkọ̀ náà gun àdó yẹn. Ìbọn kò jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ gbé wọn tètè dé. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni àbúrò mi fi wà láàyè, orí rẹ̀ wà lórí itan ọmọ Kábúà yìí. “Ó ń pe ìyá rẹ̀,” ó ní. “Èdè wa ló fi ń pè é. Àwọn tó kù kò gbọ́ èdè wa, wọ́n rò pé omi ló ń béèrè, wọ́n ń fún un ní omi. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń wí. Mo ní ìyá ń bọ̀. Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mo sọ fún un pé ìyá ti wà lọ́nà.”

Bàbá fi ọwọ́ lé e lórí. Wọ́n ní, “O ṣe é. O ṣe iṣẹ́ ọmọ ìyá.” Nígbà tí ó lọ tán, wọ́n yíjú sí mi: “Ìyá rẹ kò gbọdọ̀ gbọ́.”

Oṣù mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e ni ó le jù. Ìyá mi kò bá Bàbá jà, wọn kò sì bá Bàbá sọ ju ohun tó pọn dandan lọ. Èmi, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo gbé e lọ wọ ọkọ̀ Paraku, pé oko kajú tí mo wí, irọ́ ni. Wọ́n ń fẹ́ ìrẹsì lọ́wọ́, wọn kò dáwọ́ dúró. “Mo ti mọ̀,” ni wọ́n wí. “Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Èmi náà ni mo sì dákẹ́.” Wọn kò lé mi. Wọn kò bú mi. Ṣùgbọ́n wọn kò pè mí sídìí oúnjẹ wọn mọ́. Mo máa ń lọ lójoojúmọ́, mo máa ń gbálẹ̀, mo máa ń fa omi, mo máa ń padà sílé mi láì jẹ nǹkan kan. Mo rò pé bí wọ́n bá bú mi, ara ì bá tù mí.

Ní oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n pe àwọn ẹbí sí Kutọnu, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìrántí àwọn sọ́jà tó kú. Èmi àti Bàbá la lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, agbádá ni Bàbá wọ̀. Wọ́n to àga lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n fọn fèrè, ọ̀gá kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Orúkọ pọ̀. Ibi gbogbo ni àwọn ọmọ náà ti wá, a sì rí i pé kì í ṣe gbogbo orúkọ ló rọrùn lẹ́nu ọ̀gá náà. Nígbà tó kan ti àbúrò mi, ó ṣì í pè. Ó pè é débi pé kò túmọ̀ sí nǹkan kan mọ́. Ó ti ń lọ sí èyí tó kàn nígbà tí Bàbá dìde láàárín èrò.

Wọ́n pe orúkọ náà bó ṣe yẹ. Ohùn bárékè ni wọ́n fi pè é, ohùn tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Gbogbo ènìyàn yíjú. Obìnrin tó jókòó tì mí di ọwọ́ mi mú. Ọ̀gá náà dúró, ó bojú wo ìwé rẹ̀, ó sì tún orúkọ náà pè, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé. Ó ní kí Bàbá dárí ji òun. Bàbá ní, “Ó ti tọ́ báyìí,” wọ́n sì jókòó.

A padà sí Ṣábẹ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sán ni a délé. Ìyá mi ń já ewébẹ̀ lẹ́bàá ìdáná. Wọ́n bi wá bóyá ọ̀nà dára, Bàbá sì sọ ìtàn orúkọ náà fún wọn. Ìyá mi gbọ́ ọ títí dé òpin. Ewébẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò já a mọ́.

“Baba wọn,” wọ́n ní, “báwo ni ibẹ̀ ṣe rí? Ibi tí wọ́n gbé e sí.”

Bàbá wò mí, wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n sì sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní ilẹ̀ pupa ni, kò ní òkúta. Pé igi kajú kan wà níbẹ̀ tó ń ṣíji bò ó láti ọ̀sán lọ. Pé àwọn ọ̀dọ́ ilé gbẹ́ ẹ jìn dáadáa. Pé bí ènìyàn bá dúró níbẹ̀, ó lè rí àwọn àpáta ńlá ìlú wa láti ìdí dé orí. Ìyá mi ń mi orí sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ṣé ó jìyà?”

“Kò pẹ́,” ni Bàbá wí.

Mo di ògiri mú.

“Ṣé ó sọ nǹkan kan?”

“Ó pè ọ́,” ni Bàbá wí. “Ìwọ ló pè. Kò pe ẹlòmíràn.”

Ìyá mi dojú bolẹ̀ sórí ewébẹ̀ náà. Ẹkún tí wọn ò sun lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ológun dúró, tí wọn ò sun lọ́jọ́ ìsìnkú, ni wọ́n sun lọ́sàn-án yẹn. Àwọn aládùúgbò sáré wá, Bàbá sì fọwọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n padà. Wọ́n lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, pẹ̀lú agbádá Kutọnu lọ́rùn, èjìká wọn kan ara.

Títí di òní, ìyá mi kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ, ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn jiyàn. Bàbá ló ń lọ, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti ro koríko rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé, ìyá mi á béèrè bóyá igi kajú náà ti ń so.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ti Kutọnu dé yẹn, mo ti gbé ìgbálẹ̀ sí àyè rẹ̀, mo fẹ́ máa lọ sílé mi, nígbà tí ìyá mi pè mí láti ìdí iná. Ojú wọn ti wú. Wọ́n ní, “Wá jẹun.” Abọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbé kalẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, a sì bu òkèlè àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó jẹ tirẹ̀ tán.